Ẹni Kẹwàá



Dei-Dei ni a fẹ́ mú yín lọ lónìí, létí Àbújá, níbi tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ méjì ti háyà yàrá kan nígbà kan rí. Ẹni tí ó bá ti kọ́lé ní Àbújá yóò mọ ọjà ibẹ̀, ọjà pákó, irin àti sìmẹ́ńtì. Pákó ni bàbá onílé wa ń tà. Ọmọ Ìgbò ni, ó sì sọ fún wa pé Júù ni òun. A rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun bí a ti rò. Olaudah Equiano, nínú ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1789, ti fi àṣà ilẹ̀ Ìgbò wé ti àwọn Júù, ó sì dárúkọ ìkọlà. Lóde òní, sínágọ́gù ti wà ní Jikwoyi àti ní Kubwa. Ìjọba Ísírẹ́lì kò tíì kà wọ́n sí Júù, ṣùgbọ́n wọn kò dúró de ìwé ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó máa pa ọjọ́ Ìsinmi mọ́.

Ìjọ ti bàbá onílé wa kò tó nǹkan: yàrá kan lójú ọ̀nà Kubwa, àga onírọ́bà díẹ̀, àti ìwé àdúrà tí kò kárí. Ó bẹ̀ wá kí a máa kọ́ àwọn ọmọ wọn ní ìṣirò, kí a sì bá wọn ṣe ẹ̀dà ìwé àdúrà. A kò gba kọ́bọ̀. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí a ṣe, a bà á jẹ́: a fi abẹ́rẹ́ àti okùn rán ogún ìwé ní ẹ̀gbẹ́ òsì, bí a ti ń rán ìwé tiwa, bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ kíkà èdè Hébérù. A tú gbogbo rẹ̀, a tún un rán.

Àwọn kan bi wá bóyá a ti kọ Kristi sílẹ̀ ni. Rárá o. Láti ọdún 1965 ni Ìjọ Àgùdà ti kọ́ wa, nínú ìwé Nostra Aetate, láti bu ọlá fún àwọn Júù. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin ọdún 1986, Bàbá Mímọ́ John Paul Kejì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ sínágọ́gù ńlá ti Róòmù.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, ọ̀kan nínú wọn ń ṣọ̀fọ̀ bàbá rẹ̀. Àdúrà kan wà tí ọmọ ń gbà fún òbí tí ó kú, Kádíṣì ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó di ìgbà tí ọkùnrin mẹ́wàá tí wọ́n jẹ́ Júù bá pé. Mẹ́sàn-án ni wọ́n. Àwa méjì dúró láàárín wọn, a di mọ́kànlá, síbẹ̀ mẹ́sàn-án náà ni wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbìyànjú láti dá Mísà Yorùbá sílẹ̀ ní ìlú onílùú mọ bí ó ti rí láti jókòó kí a máa ka orí, kí a máa wo ẹnu ọ̀nà.

Bàbá onílé wa ni kò sí níbẹ̀; lọ́rì pákó tí ó pẹ́ dé ni ó dá a dúró sí ọjà. A sáré gun ọ̀kadà lọ bá a.

“Bàbá, ẹ̀yin nìkan ni ó kù.”

Kò bi wá léèrè ọ̀rọ̀ kankan. Ó kó owó ọjà lé ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, a gba ọ̀kadà méjì. Oòrùn wọ̀ kí a tó dé. Ó fọwọ́ kan ọlọ́kadà lẹ́jìká, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ rìn. Àwa san owó, àwa náà sì bá a rìn nínú òkùnkùn. Ọ̀nà náà jìn.

Àwọn mẹ́sàn-án ṣì jókòó. Ìta ni àwa wà pẹ̀lú àwọn ọmọdé nígbà tí a gbọ́ ohùn ọkùnrin náà, tí àwọn yòókù sì ń dáhùn Àmín. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni a tó mọ̀ pé kò sí ikú nínú ọ̀rọ̀ àdúrà náà rárá. Ìyìn Ọlọ́run ni.

Ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, nígbà tí ìràwọ̀ mẹ́ta ti yọ, bàbá onílé wa kan ilẹ̀kùn wa. Ó mú owó ọ̀kadà wá.