Ìdí Tí Ọmọ Wa Kò Fi Tíì Parí Ẹ̀kọ́ Rẹ̀ ní Port Harcourt

(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé sọ ní ìpàdé gbogbogbòò ti ẹ̀ka wa, oṣù kejìlá, ọdún 2024)

Ẹ̀yin lẹ rán mi níṣẹ́, iṣẹ́ náà ni mo wá jẹ́.

Gbogbo wa la mọ ìdí ọ̀rọ̀. Ní ọdún 2021, ẹgbẹ́ yá ọmọ olóògbé ọ̀kan nínú wa ní ₦400,000 láti inú àpótí ẹ̀kọ́, kí ó fi kàwé gba oyè másítà nínú iṣẹ́ ẹnjiníà iná mànàmáná ní Port Harcourt, níbi tí ó ti ṣe àgùnbánirọ̀. Ọdún méjì ni a gbọ́. Ó di ọdún mẹ́ta, kò parí. Ìròyìn sì tún dé pé ó fi ₦150,000 nínú owó náà ra àpótí kékeré kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tí ó wà fún. Èmi tí mo dúró níwájú yín yìí ni mo kọ lẹ́tà sí i ní oṣù kẹjọ pé ẹgbẹ́ kò ní san kọ́bọ̀ mọ́, kí ó lọ wáṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ epo bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe. N kò bi í léèrè ohunkóhun kí n tó kọ ọ́. Ìyá rẹ̀ jókòó láàrín wa níhìn-ín, ó sì nira fún mi láti wo ojú rẹ̀.

Mo wọ ọkọ̀ láti Sábọ̀n Gàrí ní oṣù tó kọjá, mo sì dé Port Harcourt ní ọjọ́ kejì. Rumuodara ni ọmọ náà ń gbé, lẹ́bàá ọ̀nà East-West. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ náà, mo rò pé Yorùbá ni, pé “ó dára” ni wọ́n ń wí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Rárá, bàbá, èdè Ìkwerre ni. Ọmọ Odara ni ìtumọ̀ rẹ̀.” Yàrá kan ló wà, ìwé kún ibẹ̀ dé ẹsẹ̀ ibùsùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo kọ́, nítorí ìwé mẹ́fà ni èmi náà kà. Mo ti rò pé oyè másítà dà bí kíláàsì: olùkọ́ á kọ́ni, wọ́n á dánni wò, ìwé ẹ̀rí á dé. Irú èyí wà. Ṣùgbọ́n irú tí ọmọ wa ń ṣe, ìwádìí ló wúwo jù nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ inú kíláàsì, akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ni yóò wá ìbéèrè kan tí kò sí ìdáhùn rẹ̀ nínú ìwé, tí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọn nǹkan, tí yóò sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ títí ọ̀gá tí ń tọ́ ọ sọ́nà yóò fi gbà. Ẹni tó ń ra ọjà ní Onitsha wá tà ní Kánò mọ ọjọ́ tí yóò padà. Ẹni tí a ní kó lọ wá ọjà tí ẹnikẹ́ni kò tíì ná rí, ta ni yóò dá ọjọ́ fún un?

Ẹ fi èyí kún un pé àwọn olùkọ́ yunifásítì ìjọba daṣẹ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ 14 oṣù kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2022. Oṣù mẹ́jọ gbáko nìyẹn. Lẹ́yìn náà ọ̀gá rẹ̀ lọ sí òkè òkun, oṣù márùn-ún ni ó sì fi wà láìní ọ̀gá kí wọ́n tó fún un ní òmíràn.

Alẹ́ tí mo sùn níbẹ̀ ni ojú mi là. Níwọ̀n agogo mẹ́jọ, iná ilé tí a wà kú, ti ilé kejì ń tàn. Kíá ni ọkùnrin kan ti mú pílọ́ọ̀sì, ó gun àkàbà, ó yí wáyà ilé náà sórí fééṣì mìíràn. Ẹ̀yin náà ń ṣe é níhìn-ín, ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín. Ọmọ wa kò bá a jà. Ó wo aago, ó kọ ọ́ sínú ìwé: ilé wo, agogo mélòó, fééṣì wo sí fééṣì wo. Bẹ́ẹ̀ ló ti ń kọ ọ́ láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn. Àpótí kékeré tí a ń bínú sí yẹn, ẹ̀rọ tí ń wọn iná ni. Ẹnu rẹ̀ ń há wáyà mọ́ra bíi ti mítà tí mo ń tà ní ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n òun ń kọ ohun tó bá wọ̀n sílẹ̀ fúnra rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Àwọn tó ni tiransifọ́mà fún un láyè láti lò ó níbẹ̀.

Ó ṣàlàyé fún mi pẹ̀lú ìṣirò. Bí iná inú wáyà bá di ìlọ́po méjì, ooru rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin. Bí fééṣì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá gbé áńpù 100 kọ̀ọ̀kan, ìṣirò ooru wọn jẹ́ 30,000. Bí èrò bá wọ́ sórí ọ̀kan tó fi gbé 200, tí èkejì gbé 60, tí ẹ̀kẹta gbé 40, iná kò lé, 300 náà ni, ṣùgbọ́n ooru ti di 45,200. Wáyà nútírà, tí kò yẹ kó gbé nǹkan kan bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dọ́gba, yóò wá gbé bí áńpù 151. Ohun tó ń sun tiransifọ́mà nìyẹn. Àwọn tó kọ ìwé iṣẹ́ náà ń gbé níbi tí ilé kì í ti í sá kúrò lórí fééṣì kan lọ sí òmíràn lóru. Ìbéèrè ọmọ wa ni pé báwo ni a ṣe lè pín ilé sórí fééṣì nígbà tí àwọn onílé fúnra wọn kì í dúró sójú kan.

Mo bi í bóyá iṣẹ́ rẹ̀ ìbá ti gbà wá lọ́wọ́ òkùnkùn tó bo Àríwá ní oṣù kẹwàá. Ó ní rárá, pé okùn iná ńlá tí ń gbé iná láti Shiroro wá sí Kàdúná àti èyí tó gba Enugu lọ sí Makurdi ló bàjẹ́. Inú mi dùn pé kò parọ́. Ṣùgbọ́n ti tiransifọ́mà àdúgbò wa tó jóná, tí a dáwó tún ṣe lẹ́ẹ̀mejì, ó ní irú rẹ̀ gan-an ni òun ń wá ojútùú sí.

N kò ní ó ṣe gbogbo rẹ̀ dáradára. Ó yẹ kí ó kọ̀wé sí wa kí ó tó ra ẹ̀rọ, mo sì wí i fún un. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, bàbá, mo rò pé ẹ kò ní gbà.” Òótọ́ ni, a kì bá gbà. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé fún ọmọ tó bá tún wá yáwó lọ́dọ̀ wa, kí a kọ́kọ́ bèèrè bóyá ìwádìí ni, ta ni yóò tọ́ ọ sọ́nà, àti ẹ̀rọ wo ni yóò rà. Bí ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ epo, kí ó gbìyànjú àjọ PTDF tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1973. Wọ́n máa ń ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ másítà lọ́wọ́.

Owó ilé-ìwé ìgbà kan ló kù, àti títẹ ìwé ìwádìí. Ọ̀gá rẹ̀ tuntun ti ka orí mẹ́ta nínú márùn-ún. Mo ti kọ lẹ́tà mìíràn láti fagi lé ti oṣù kẹjọ, ṣùgbọ́n n kò tíì fi ránṣẹ́, nítorí ti àkọ́kọ́ ni mo dá kọ. Ó wà lórí tábìlì níwájú Alága, pẹ̀lú bírò.