IYỌ̀ TÓ Ń BA IṢẸ́ OÒGÙN JẸ́
Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ bá ìpàdé ẹ̀ka wa sọ ní Ìkòtún

Ọ̀rọ̀ owó oṣù kọ́ ni a gbé wá lónìí. Ọ̀rọ̀ ara tó ń ṣiṣẹ́ gba owó náà ni.

A ní awakọ̀ kan láàárín wa tí kì í fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ṣeré. Àràárọ̀ ló ń lò ó. Síbẹ̀, nọ́ńbà òkè kì í wá sí ìsàlẹ̀ 160, nígbà tí dókítà fẹ́ kó wà lábẹ́ 140. Dókítà fi oògùn kejì kún un, ó tún fi ẹ̀kẹta kún un. Àwa tí a jọ ń jẹun ní kańtíìnì rí ohun tí dókítà kò rí. Bí wọ́n bá ti gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, kó tó tọ́ ọ wò rárá, ọwọ́ rẹ̀ ti dé ibi ike iyọ̀. Ẹ̀rín ni a máa ń fi rín.

Ẹ wo iyọ̀ tí a kò dé nígbà òjò, ẹ ó rí i pé ó ti mumi. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń dá omi dúró nínú ẹ̀jẹ̀. Omi á pọ̀, ọkàn á máa fi ipá tì í, bí ọkọ̀ tí a di ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ lé. Bó bá pẹ́, ọkàn á rẹ̀, kíndìnrín á bàjẹ́, rọpárọsẹ̀ sì lè dé. Oògùn tó ń mú ni tọ̀, bíi Moduretic tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀, iyọ̀ àti omi yìí ló ń lé jáde. Bí oògùn bá ń gbọ́n ọn jáde láàárọ̀, tí àwa sì ń dà á padà lọ́sàn-án, ìgbà wo ni iṣẹ́ fẹ́ parí? Agbára Lisinopril náà máa ń dínkù bí iyọ̀ bá pọ̀ lára.

Ní 2009, àwọn dókítà ní Birmingham, ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí jáde lórí ènìyàn 12 tí apá oògùn mẹ́ta kò ká ẹ̀jẹ̀ wọn. Wọ́n jẹ oúnjẹ oníyọ̀ púpọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n jẹ oníyọ̀ díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Oògùn kò yí padà. Ní ọ̀sẹ̀ oníyọ̀ díẹ̀, nọ́ńbà òkè fi nǹkan bí 22 rẹlẹ̀ sí ti ọ̀sẹ̀ kejì.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má jẹ tó gíráàmù 5 lóòjọ́, ìyẹn nǹkan bí ṣíbí tíì kan. Àpapọ̀ ni o: ti búrẹ́dì, ti màgí, ti Indomie, ti ẹja oníyọ̀. Sódíọ̀mù inú iyọ̀ wà nínú Ajinomoto àti kànwún tí a fi ń se ẹ̀wà pẹ̀lú. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nídìí iná á ní òógùn ara ń gbé iyọ̀ lọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ wa, oúnjẹ ọjọ́ kan ti dá a padà, ó tún lé.

Ẹ ṣọ́ra fún iyọ̀ tí wọ́n fi pòtásíọ̀mù rọ́pò. Ẹni tó ń lo Lisinopril tàbí Moduretic, tàbí tí kíndìnrín rẹ̀ kò dá ṣáṣá, kò gbọ́dọ̀ rà á láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà. Pòtásíọ̀mù tó bá pọ̀ jù lè dá ọkàn dúró.

Ẹ̀yin awakọ̀, a mọ̀ pé ẹ máa ń fo oògùn tó ń mú ni tọ̀, nítorí kò sí ibi tí ẹ ó ti sọ̀kalẹ̀ láàárín Ìgandò sí Ẹ̀gbẹ̀dá. A kò bá yín wí. Ẹ sọ fún dókítà, ó lè yí àkókò tí ẹ ń lò ó padà.

Ìyá olóúnjẹ wa ti gbà láti gbé ike iyọ̀ kúrò lórí tábìlì. Wọ́n kọ́kọ́ bínú, wọ́n rò pé a ní ọbẹ̀ wọn kò dùn. Ata àti àlùbọ́sà ni wọ́n wá fi kún un. Awakọ̀ wa bá 142 ní oṣù tó kọjá, kò sì fi oògùn sílẹ̀.

Ní ti ilé ìtọ̀ fún awakọ̀ àti ẹ̀rọ ìwọn ẹ̀jẹ̀ fún yàrá ẹgbẹ́, a ti kọ̀wé sí àwọn agbanisíṣẹ́. Kí èsì tó dé, ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Ìgandò. Ẹ lọ wọn tiyín.