Inú Páìpù Ni Iṣẹ́ Wà

Iṣẹ́ ajórin ni ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀. Kì í ṣe ti ẹni tí ń jó ilẹ̀kùn àti fèrèsé lẹ́bàá ọ̀nà, bí kò ṣe ti ẹni tí ń jó oríkèé páìpù ńlá tí a fi irin tí kì í dógùn-ún ṣe, irú èyí tí ó wà ní ilé iṣẹ́ ìfọpo.

Chromium inú irin náà, tí kì í dín ní ìdá 10.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ni ó ń bá oxygen inú afẹ́fẹ́ ṣe àwọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó bò ó lára. Ṣùgbọ́n bí iná bá ti yọ́ irin náà, oxygen kan náà a di ọ̀tá rẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń lo ọ̀nà TIG, èyí tí Russell Meredith ti ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Northrop ní Amẹ́ríkà gba ìwé ẹ̀tọ́ olùdásílẹ̀ lé lórí ní 1942. Iná mànàmáná a ta láti ẹnu ọ̀pá tungsten, gáàsì argon a sì yí i ká kí afẹ́fẹ́ má baà kàn án.

Ti òde nìyẹn. Ti inú ńkọ́? Bí afẹ́fẹ́ bá wà nínú páìpù nígbà tí wọ́n ń jó ìpele àkọ́kọ́, ẹ̀yìn oríkèé náà yóò dúdú, yóò sì rí ṣákiṣàki bí ṣúgà tí ó jóná. Òde lè máa dán kí inú ti bàjẹ́. Ilé tí a fi itọ́ mọ ni, ìrì ni yóò wó o. Nítorí náà ni àwọn tí ó mọṣẹ́ fi ń tú argon sínú páìpù pẹ̀lú. Gáàsì yìí wọ́n, páìpù ńlá a sì máa jẹ ẹ́ púpọ̀. Wọn a fi rọ́bà tí a fẹ́ atẹ́gùn sí, tàbí bébà tí ń yòrò nínú omi, dí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì oríkèé náà. Argon wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń tú u wọlé, kí afẹ́fẹ́ lè gba òkè jáde. Ẹ̀rọ ni yóò sọ iye oxygen tí ó kù kí wọ́n tó tan iná. Ìkánjú kò ṣe é lò níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n gáàsì tí ń dáàbò bo irin kì í dáàbò bo ènìyàn. Argon kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Páìpù tí ó tóbi tó kí ènìyàn rá wọ inú rẹ̀ a máa tan ajórin tí ó fẹ́ wo ẹ̀yìn iṣẹ́ rẹ̀. Oxygen jẹ́ nǹkan bí ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́; níbi tí argon bá ti lé e jáde, ẹni tí ó bá mí lẹ́ẹ̀mejì péré lè dákú. Kì yóò wúkọ́, kì yóò fura. Ẹni tí ó bá sì sáré wọlé láti fà á jáde lè kú tẹ̀lé e. Ọ̀gá tí ó bá ní kí ọmọṣẹ́ wọ inú páìpù bẹ́ẹ̀ láìsí ẹni tí ń ṣọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ ni ó fi ń ta tẹ́tẹ́. Afẹ́fẹ́ tuntun ni kí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ sí i, kí wọ́n sì wọ̀n ọ́n. Bí oxygen kò bá tó ìdá 19.5, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọlé.