Ọ̀rọ̀ Kan, Ìtumọ̀ Méjì: Pínpín Ilẹ̀ Ẹbí

Ọ̀nà tí Yorùbá ń gbà pín ogún kò fara sin. Ní ìdí-igi, àwọn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan gba ìpín kan. Ní orí-ojorí, ọmọ kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀. Ní 1962, nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù gbà pé ìdí-igi ni àṣà, pé olórí ẹbí lè yan orí-ojorí láti fi dènà ẹjọ́.

Ohun tí ó ń dá ìjà sílẹ̀ ni ìtumọ̀ “pín” fúnra rẹ̀. Ilẹ̀ tí a pín fún ọmọ kí ó fi kọ́lé, ti ẹbí ni síbẹ̀. Èyí tí a pín pátápátá, ẹbí ti yọwọ́ níbẹ̀. Ọmọ tí ó gba ti àkọ́kọ́ a gé e sí púlọ́ọ̀tì, a tà á. Òkúta awọnlẹ̀ a sì rọ́pò pèrègún. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ṣùgbọ́n kò pa ọ̀ràn yìí rẹ́: ilẹ̀ ẹbí tí a tà láìsí ọwọ́ olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni títà náà. Kí ẹni tí ó fẹ́ ra ilẹ̀ tó wo àwòrán awọnlẹ̀, kí ó kọ́kọ́ bèèrè: pínpín wo ni?