KÌ Í ṢE GBOGBO RẸ̀ NI ARÁN
Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ sọ níbi àjọ̀dún wa

 

Ẹ rántí ìyá wa kan tó ń ta ata. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan, tó ń ṣi owó kà, a ní kó máa sinmi nílé. Kò pẹ́, kò jẹun dáadáa mọ́, kò rí oorun sùn, kò dá orin mọ́. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹkún ni. Gbogbo wa ní, "Arán ni, kò sóògùn ẹ̀." A ò sì yà kí i mọ́.

A ṣe àṣìṣe. Dókítà ní àìsàn méjì ló ń ṣe màmá: àrùn ìgbàgbé àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Ti àkọ́kọ́ kì í lọ, ṣùgbọ́n èkejì ṣeé tọ́jú.

Báwo la ṣe máa mọ̀ ọ́n? Ẹni tó ń gbàgbé lè má rántí pé òun sunkún lánàá. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè Cornell, tó jáde ní 1988, fi ń bi ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn léèrè pẹ̀lú. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ máa ṣọ́ ojú tó fà ro, ara tó ń rù, àìsùn, ìbínú òjijì. Tó bá tó ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ gbé e lọ sọ́sibítù. Tó bá sọ pé ó sàn kóun kú, ẹ má dúró rárá. Kí dókítà yẹ etí, ojú, ìrora àti oògùn tó ń lò wò. Ní Ìbàdàn, ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ti wà ní UCH láti 2012.

Ẹ má sáré ra oògùn ní kẹ́míìsì o. Ìwádìí kan ní England, tó jáde ní 2011, fi sertraline àti mirtazapine wé hóró lásán lára èèyàn 326. Àwọn oògùn náà ò ṣe ju hóró lásán lọ. Dókítà ló máa mọ ẹni tó nílò oògùn. Àmọ́ ọ̀rẹ́ tó ń yà kíni, ìrìn díẹ̀, orin àti iṣẹ́ kékeré, àwa fúnra wa lè ṣe wọ́n.

Ọmọ màmá ti ń mú un wá sọ́jà báyìí. Ó ń jókòó tì wá, ó ń já ìdí ata. Kò mọ orúkọ wa, ṣùgbọ́n ó ń jẹun, ó tún ti ń dá orin.

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ẹ jẹ́ ká máa lọ ní méjì-méjì, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, sọ́dọ̀ gbogbo ìyá wa tí kò lè wá mọ́.