Ẹ̀rọ Ọlọ́pọ̀ Iṣẹ́ fún Ọ̀rẹ́ Wa Káfíńtà



Mo gbọ́ pé a fẹ́ dáwó ra ẹ̀rọ fún ọ̀rẹ́ wa tó ń ṣe káfíńtà lẹ́yìn Ọjà'bà, èyí tó ń la pákó, tó ń fá a, tó tún ń lu ihò sí i. Èrò rere ni. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó.

Irú ẹ̀rọ yìí ti pẹ́. 1947 ni Shopsmith jáde ní Amẹ́ríkà. Ẹ́ńjìnnì iná kan ṣoṣo ló ń yí gbogbo rẹ̀. Bí ọ̀gá bá ń la pákó, ọmọ iṣẹ́ tó fẹ́ lu ihò á jókòó máa wò ó ni. Bí ẹ́ńjìnnì bá sì jó, gbogbo iṣẹ́ dúró nìyẹn.

Iná ńkọ́? Èyí tó ń lo féèsì mẹ́ta kò lè ṣiṣẹ́ níbi tí féèsì kan wọlé. Ẹ́ńjìnnì hp 2 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wáàtì 1,500, ó sì ń fà jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tó bá ń gbéra. Kí ni “I better pass my neighbour” fẹ́ fi ṣe? Á kàn máa kérora ni.

Mo mọ ọmọ iṣẹ́ kan lókè Màpó tí ayùn ẹ̀rọ gé ìka méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ti yọ ìdábòóbò ayùn náà dànù, ó ní ó ń dí òun lọ́wọ́.

Ní tèmi, ayùn ẹ̀rọ nìkan ni ká kọ́kọ́ rà, olóféèsì kan, pẹ̀lú ìdábòóbò rẹ̀. Lọ́la, màá yà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ wo iná tó wọlé. Ta ló máa bá mi lọ?