Kọ̀ǹpútà Tí Kò Rí Ilé Olórí Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn akọ̀wé sọ ní Papalanto

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Kì í ṣe èyí tí ó kú tí kò tàn mọ́, bí kò ṣe èyí tí ó tàn, tí ara rẹ̀ le, ṣùgbọ́n tí ó kọ̀ tí kò wọ ẹgbẹ́ àwọn ìyókù nínú ọ́fíìsì.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń wí. Ní ọ́fíìsì tí kọ̀ǹpútà bá ti pọ̀, a máa ń fi ọ̀kan ṣe olórí. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìwé orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ wà, òun ni ó sì ń yẹ páásìwọ́ọ̀dù olúkúlùkù wò. Bí ẹ bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kan tí ẹ tẹ orúkọ yín, olórí ni yóò sọ pé, "Ẹni wa ni, ẹ jẹ́ kí ó wọlé." Agbo ilé tí olórí yìí ń ṣàkóso ni àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń pè ní dòméènì. Ètò tí ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ń lò fún un ni Active Directory, tí ilé-iṣẹ́ Microsoft gbé jáde pẹ̀lú Windows 2000 ní ọdún 2000. Kọ̀ǹpútà tuntun kì í dédé di ọmọ ilé. Àfi kí a mú un lọ kí olórí, kí olórí sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Níbi ìkíni yìí gan-an ni wàhálà máa ń wà. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n pè wá sí ọ́fíìsì kan tí a kò ní dárúkọ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà akọ̀wé owó ti bàjẹ́, wọ́n ra tuntun, ó sì ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n san owó oṣù. Gbogbo ìwé owó wà lọ́dọ̀ olórí, kọ̀ǹpútà tuntun kò sì rí olórí. Ohun kan náà ni ó ń kọ sójú: òun wá olórí dòméènì náà títí, òun kò rí i bá sọ̀rọ̀. Ọ̀gá ti pinnu pé ọmọbìnrin akọ̀wé náà ni ó fọwọ́ kan ohun tí kò yẹ, ó ní òun yóò máa yọ owó ẹ̀rọ náà díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀. Ọmọ náà ń sunkún. Ó ní, "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mi ò ṣe nǹkan kan. Bí mo ṣe tàn án ló ti rí báyìí."

Kí a má purọ́, àwa náà kò kọ́kọ́ gbà á gbọ́. A ra wáyà tuntun, a fi pààrọ̀ ti àtijọ́. A tún Windows tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Odindi ọjọ́ kan lọ báyìí. Ohun tí ó tàn wá jẹ ni pé íntánẹ́ẹ̀tì ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí kọ̀ǹpútà náà. Ẹni tí ó ń dé Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, báwo ni kò ṣe ní lè dé yàrá kejì?

Ẹ wo oríta Papalanto wa yìí. Àlejò sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó ń wá ilé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Ó bi awakọ̀ kan léèrè. Awakọ̀ náà mọ ọ̀nà Ifọ̀ títí dé Èkó, ó mọ ti Ìtòrí títí dé Abẹ́òkúta, ó mọ ti Ìlaròó, ó mọ ti Ṣàgámù. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀gbọ́n bàbá tí ó wà lẹ́yìn ọjà, kò mọ̀ ọ́n. Awakọ̀ kò ṣe ìkà o. Ẹni tí kò mọ àdúgbò ni àlejò bi.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Gbogbo kọ̀ǹpútà ni ó ní ẹni tí ó ń bi léèrè ọ̀nà, DNS ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí ó fa íntánẹ́ẹ̀tì wọ ọ́fíìsì náà ti kọ 8.8.8.8 sínú ráútà, èyí tí í ṣe afinimọ̀nà Google fún gbogbo ayé, ráútà sì ń pín in fún kọ̀ǹpútà tuntun gbogbo. Google mọ ìta. Kò mọ orúkọ tí ẹ fún olórí yín nínú ilé. Àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ ti ní nọ́ńbà olórí tẹ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí tiwọn kò fi dàrú.

Bí ẹ ṣe lè yẹ̀ ẹ́ wò nìyí. Ẹ tẹ cmd sí ibi ìwákiri, ojú dúdú kan yóò ṣí. Ẹ kọ ipconfig /all síbẹ̀, kí ẹ wá ìlà DNS Servers. Ẹ béèrè nọ́ńbà olórí lọ́wọ́ ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀. Ká ní 192.168.1.10 ni, òun ni ó gbọ́dọ̀ wà ní ìlà náà. Bí ó bá jẹ́ òmíràn, ẹ yí i padà, kí ẹ wá kọ nslookup pẹ̀lú orúkọ dòméènì. Bí nọ́ńbà olórí bá jáde, ọ̀nà ti là. Àwọn kan á ní kí a fi 8.8.8.8 ṣe ìkejì nítorí íntánẹ́ẹ̀tì. A kò fara mọ́ ọn. Ọjọ́ tí olórí bá pẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn, ẹ̀rọ á sáré lọ bi ará ìta, wàhálà á tún bẹ̀rẹ̀. Olórí fúnra rẹ̀ lè bá yín béèrè ti ìta, bí a bá ti ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

A ṣe èyí, kọ̀ǹpútà rí olórí. Olórí kò gbà á! Aago ni. Olórí kì í gba ẹni tí aago rẹ̀ bá fi ju ìṣẹ́jú 5 yàtọ̀ sí tirẹ̀, àfi bí a bá yí òfin náà. Ó fi ń dènà olè tí ó bá gbé ìwé ìwọlé àná dé. Ṣùgbọ́n aago ògiri ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ti kọ̀ǹpútà ní aago mẹ́rin. Kí ló tún kù? Àṣé nígbà tí à ń tún Windows tò, ẹnì kan nínú wa fi ọwọ́ yí aago, kò yí ìlú. Ẹ̀rọ náà rò pé ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà ni òun wà, bẹ́ẹ̀ bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá lù lọ́hùn-ún, òru ti gànjọ́ ní Papalanto. A mú West Central Africa, a tún aago ṣe. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ tó ti pẹ́ ni, tí aago rẹ̀ ń padà sẹ́yìn nígbàkígbà tí iná bá lọ, bátìrì roboto bíi kọ́bọ̀ tó wà nínú ikùn rẹ̀ ló ti kú. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kò wọ́n.

Àwọn yòókù kò gùn. Windows tí wọ́n kọ Home sí kò lè wọ dòméènì rárá, bó ti wù kí ẹ gbààwẹ̀ tó. Pro ni kí ẹ béèrè. Ẹ má sì fún kọ̀ǹpútà méjì ní orúkọ kan náà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì yẹn, ọ̀rọ̀ kékeré kan yọ lójú ẹ̀rọ náà pé ẹ káàbọ̀ sí dòméènì. A pa á, a tún un tàn. Akọ̀wé tẹ orúkọ rẹ̀, ìwé owó oṣù sì ṣí. A lọ bá ọ̀gá, a ṣàlàyé fún un níwájú ọmọ náà pé kò fọwọ́ kan nǹkan kan, pé ọ̀rọ̀ ráútà ni, àti pé ọjọ́ tí ó ṣòfò, àwa ni a fi ṣòfò. Ọ̀gá dákẹ́ díẹ̀, ó ní kí wọ́n fa ìwé ìyọwó náà ya. Kí a tó kó irinṣẹ́ wa, ọmọ náà ti kọ nọ́ńbà olórí sórí bébà, ó ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ tábìlì rẹ̀.